Ohun Tí Ọmọkùnrin Kà Sí, Ohun Tí Ọmọbìnrin Kà Sí

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa bá àwọn òbí àti àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì sọ ní Calumet City)

Ẹ̀yin tí ẹ gba òpópónà I-94 wá ti rí àgbá omi ńlá tí wọ́n ya ojú ẹ̀rín sí lára. Bí ìlú Calumet City ṣe ń kí àlejò nìyẹn, èmi náà sì fi ẹ̀rín kí yín káàbọ̀. Alága ní kí n má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó sì ti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó jù mí lọ nínú yàrá yìí.

Àkòrí tí wọ́n fún mi ni pé: ǹjẹ́ ohun tí ọmọkùnrin kà sí iyebíye láyé yàtọ̀ sí ohun tí ọmọbìnrin kà sí iyebíye? Nígbà tí akọ̀wé pè mí lórí fóònù, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, ta ni kò mọ̀? Ọkùnrin ń wá ipò, obìnrin ń wá àlàáfíà ilé; kí la tún fẹ́ fi ogún ìṣẹ́jú sọ? Ìgbà tí mo jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni mo rántí orúnkún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúnkún náà fún yín. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún ọ̀tún. Dókítà ní fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò gbọdọ̀ dá nìkan gun àtẹ̀gùn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí mi tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ òru ni ìyàwó mi ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀sán ló ń sùn. Ọmọ méjì la bí. Obìnrin ni àkọ́bí, ó wà ní yunifásítì kan nísàlẹ̀ ìpínlẹ̀ Illinois yìí, ìrìn wákàtí mẹ́rin sílé. Ọkùnrin ni èkejì, ní Chicago níbí ni tirẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ kò bá dí ojú ọ̀nà, kò ní lò tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó kanlẹ̀kùn wa.

Ẹ bi mí pé ta la pè.

Obìnrin la pè. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ìdánwò wọn bẹ̀rẹ̀. Kò bá wa jiyàn. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó dé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Òun ló ń gbé mi dìde, òun ló ń se ọkà, òun ló ń ka oògùn sí mi lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ wá ní ọjọ́ Sunday, ó jẹ ìrẹsì, ó gbàdúrà fún mi, ó padà sílé ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró. Kí n má purọ́ fún yín, kò tilẹ̀ wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú àwa òbí láti sọ ọ́.

Gbogbo àlejò tó wá kí mi ni mo ń fi ọmọbìnrin mi yangàn níwájú wọn. Mo ní, “Ẹ ò rí i? Àánú wà lára obìnrin. Ọkùnrin kò mọ irú èyí.” Àwọn àlejò á ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó padà, ó ṣe ìdánwò kẹ́mísìtírì láìmúra sílẹ̀, kò yege. Ó tún iṣẹ́ náà ṣe; ìyẹn fi oṣù mẹ́fà kún ọdún rẹ̀ níbẹ̀, àti owó tí ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń jẹ tòlótòló, gbogbo wa wà nídìí tábìlì, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àánú obìnrin yìí. Ọmọkùnrin mi fi ṣíbí rẹ̀ lélẹ̀. Ó ní, “Dádì, ogójì ìṣẹ́jú ni mo wà sí yín. Ẹ ò pè mí.” Kí n tó rí nǹkan fi fèsì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ní, “Ẹ ò sì bi èmi bóyá mo lè wá. Ẹ kàn ní kí n máa bọ̀ ni.”

Ẹ̀yin àgbà, n kò mọ èyí tó dùn mí jù nínú gbólóhùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nítorí wọn ni mo ṣe lọ wá ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí n tó wá dúró níwájú yín.

Olùkọ́ kan wà ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù, Shalom Schwartz ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí ènìyàn kà sí iyebíye láyé. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́wàá. Agbára wà níbẹ̀, àṣeyọrí wà níbẹ̀, ìgbádùn, ohun tuntun tó ń mú ara yá, àti òmìnira láti ronú fúnra ẹni. Lápá kejì, oore sí ará ilé àti ọ̀rẹ́ wà, àánú sí gbogbo ẹ̀dá, ààbò, ìgbọràn, àti dídi àṣà mú. Ẹ wò ó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àwọn bàbá wa kò ní orúkọ fún.

Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wádìí rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Wọn kì í dojú kọ ọmọ kí wọ́n ní, “Kí lo kà sí?” Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tí òbí fẹ́ gbọ́ ni wọn yóò fún un. Ńṣe ni wọ́n máa ń júwe ènìyàn kan: ẹnì kan wà tó fẹ́ràn láti máa ran àwọn tó yí i ká lọ́wọ́; ẹnì kan wà tó fẹ́ kí owó pọ̀ lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè pé, báwo ni ẹni yìí ṣe jọ ọ́ tó? Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìbéèrè méjì ni wọ́n ní láti tẹ̀, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, nítorí ọ̀rọ̀ “he” àti “she” wọn. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, ẹyọ kan tó. “Ó” ni bàbá, “ó” ni ìyá, “ó” náà ni ọmọ ọwọ́. Àwọn ará Tọ́kì náà rí bẹ́ẹ̀, kódà ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò, “o”, fún ọkùnrin àti fún obìnrin. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ń fi èdè wa ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín fi ìyẹn sápò.

Ní ọdún 2005, Schwartz àti Tammy Rubel kó ìdáhùn àwọn ènìyàn tó lé ní 77,000 jọ láti orílẹ̀-èdè 70, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì wà nínú wọn. Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí i pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí mo ń sọ fún àwọn àlejò mi. Lápapọ̀, ọkùnrin ka agbára, àṣeyọrí, ìgbádùn, ohun tuntun àti òmìnira ara ẹni sí ju bí obìnrin ti kà wọ́n sí lọ. Obìnrin sì ka oore àti àánú sí jù. Ní ti ìgbọràn àti dídi àṣà mú, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó ń sọ pé ọmọbìnrin ló yẹ kó gbọ́ Yorùbá torí pé òun ni yóò kọ́ ọmọ, kò sẹ́ni tó dá ọmọkùnrin yín sí.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí. Wọ́n ní ìyàtọ̀ náà kéré. Ọjọ́ orí ènìyàn ń fa ìyàtọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àṣà ìlú rẹ̀ sì ń fa èyí tó jù ú lọ fíìfíì. Bí ẹ bá mọ̀ nípa ọmọ kan pé ọkùnrin ni, tàbí pé obìnrin ni, ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọkàn rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Aimọye ọmọbìnrin ló ń wá ipò ju ọmọkùnrin tó jókòó tì í lọ, aimọye ọmọkùnrin ni àánú rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ. Èmi wá mú ìyàtọ̀ tín-ín-rín, mo fi dá ẹjọ́ fún ọmọ méjì tí mo bí fúnra mi.

Kí n má fi apá kan pamọ́ fún yín, torí àwọn ọmọ yìí yóò lọ wá a kà. Ní ọdún 2009, àwọn méjèèjì yìí kan náà tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé níbi tí obìnrin bá ti ní ẹ̀tọ́ bíi ti ọkùnrin, ìyàtọ̀ inú ọkàn wọn yóò parẹ́. Òdìkejì ni wọ́n rí: ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ náà ń fẹ̀ sí i ni. Tọkùnrin tobìnrin ló ń ka oore sí jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti obìnrin ń gbéra ju ti ọkùnrin lọ. Bí mo ti rí i sí ni pé nígbà tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ènìyàn, ohun tó bá tún tẹ̀ gbé nínú rẹ̀, tirẹ̀ ni, ó wù ú ni. Ọmọbìnrin mi lè jẹ́ aláàánú ju àbúrò rẹ̀ lọ lóòótọ́. N kò lè mọ̀, torí pé n kò jẹ́ kó yàn.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní àṣà wa nìyẹn, kí n fi òyìnbó sílẹ̀. Mo ní kó dúró. Àṣà ta ni? Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé kan ní ọdún 1997, ó ní láyé àtijọ́, ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó kẹ́yìn ni Yorùbá fi ń to ara wọn, kì í ṣe akọ àti abo. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti bá a jiyàn, n kò sì ní dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa: ẹ̀gbọ́n, àbúrò. Èwo ló sọ ọkùnrin, èwo ló sọ obìnrin nínú wọn? Nínú agboolé tí wọ́n ti tọ́ mi, àbúrò ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Bí àgbà bá nílò omi, èyí tó kéré jù ló ń sáré. Nínú ilé mi ní Calumet City níbí, èmi gbé ẹ̀gbọ́n kúrò nídìí ìwé, mo fi àbúrò sílẹ̀ lórí ìjókòó. Ṣé àṣà nìyẹn? Bó bá jẹ́ àṣà ni mo tẹ̀ lé, ọmọkùnrin náà ni ǹ bá pè.

Àti ọ̀rọ̀ ipò tí a sọ pé tọkùnrin ni: ta ló wá joyè Ìyálóde n'Íbàdàn? Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó kú ní ọdún 1874, ṣé àlàáfíà ilé nìkan ló ń wá ni? L'Ábẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà nínú àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta Grammar School ní ọdún 1914. Òun ló kó àwọn obìnrin ọjà jọ tí wọ́n fi kọ owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949. Ẹ ó ní agbára ló ń wá. Èmi á ní àánú àwọn aláta àti aláṣọ ló ṣe é. Ó dà bíi pé inú obìnrin kan náà ni méjèèjì wà.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n darúkọ ẹnì kan tó fi ìlú Chicago yìí ṣe ọ̀nà. Grace Alele-Williams, ọmọ Warri, kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò n'Íbàdàn, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Chicago ní ọdún 1963. Òun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1985 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin. Ó kú ní ọdún 2022. Yunifásítì tó ti gboyè kò jìnnà síbí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà tí ẹ bá ń lọ sí etí òkun.

Mo ti dárúkọ Tọ́kì lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ padà síbẹ̀ díẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kan àwa tí a ń darúgbó. Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Çiğdem Kağıtçıbaşı béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ní Tọ́kì ní ọdún 1975 pé kí ni wọ́n ń fi ọmọ ṣe. Ọ̀pọ̀ ní kí ọmọ lè tọ́jú àwọn lọ́jọ́ ogbó ni, ọmọkùnrin ni wọ́n sì fẹ́ jù, torí ọmọkùnrin ló ń wá owó. Nígbà tí wọ́n padà lọ béèrè ní ọdún 2003, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ayọ̀ àti ìfẹ́ tí ọmọ ń mú wá ni wọ́n ń sọ, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òbí sì ń fẹ́ ọmọbìnrin báyìí. Láàárín ọdún 28 péré! Orílẹ̀-èdè kan náà, èdè kan náà. Ohun tí ọjọ́ ogbó ń béèrè ló yí padà, òun ló sì yí ojú òbí padà.

Àwa ńkọ́? Kí là ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa? Ẹ jẹ́ ká wo àríyá wa tó kọjá. Ta ló gbé àwo oúnjẹ káàkiri? Ta ló fọ ìkòkò ní agogo kan òru? Àwọn ọmọbìnrin yìí ni, àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ọmọkùnrin to àga, wọ́n sì jókòó lórí rẹ̀. Bí a bá ṣe èyí fún ogún ọdún, ká wá ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n kà sí iyebíye sórí ìwé, ẹ má jẹ́ kó yà wá lẹ́nu bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀.

Ẹrù tiwọn wà lórí àwọn ọmọkùnrin náà, ẹ má rò pé a dá wọn sí. Ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ mi kan fi ọdún kan gbáko sọ fún bàbá rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà lòun ń kọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ń kọ́. Ojú tì í láti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, owó nọ́ọ̀sì ló kọ́ ìdajì àwọn ilé tí àwa tó jókòó síbí ń gbé! A ti sọ fún ọmọkùnrin pé owó àti ipò ni iyì rẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá wọ́n, kí ló kù fún un? Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 ni obìnrin ti pọ̀ ju ọkùnrin lọ ní yunifásítì orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọkùnrin tó bá ń kọsẹ̀ níbẹ̀, ta ló ń pe fóònù rẹ̀ láti béèrè bóyá ó ti jẹun? Ọmọbìnrin là ń pè lójoojúmọ́, torí ẹ̀rù ń bà wá. Ọkùnrin, a ní yóò dúró fúnra rẹ̀.

N kò wá síbí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, torí ẹjọ́ tèmi ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Ohun kékeré méjì ni mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́. Èkínní, kí akọ̀wé fi orúkọ tọkùnrin tobìnrin sínú ìwé àwọn tí yóò gbé oúnjẹ àti àwọn tí yóò fọ àwo níbi àríyá wa tó ń bọ̀, kí wọ́n sì kà á síta, kí ẹnikẹ́ni má sá. Ìyá Ìjọ̀yè ti ní òun yóò jókòó ti ìkòkò láti máa wò wọ́n. Èkejì, kí ẹ̀yin òbí lo ìgbà ìsinmi yìí láti bi àwọn ọmọ yín, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé kí ni wọ́n kà sí. Ẹ má bi wọ́n níwájú ara wọn. Ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Èmi ti bi tèmi. Ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ ní ilé ìtajà oògùn tirẹ̀, kí òṣìṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ òun. Ọmọkùnrin mi ní òun fẹ́ ilé tí ojú gbogbo ẹbí ti lè máa rí ara wọn. Mo ní kí wọ́n tún un sọ.

Orúnkún òsì mi ń lọ lábẹ́ ọ̀bẹ ní oṣù tó ń bọ̀. A ti ṣe ìpàdé nílé lórí rẹ̀. Àbúrò ló gba ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti lọ sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun yóò wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, torí pé wọn kò ní ìdánwò nígbà náà, ó sì ní òun ló wu òun láti wá, kí n má wá lọ yangàn níwájú àlejò. Láti oṣù tó kọjá ni ọmọkùnrin náà ti ń wálé ní ọjọ́ Saturday láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ro ọkà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọkà náà ṣì ń ní kókó, ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́.

Alága, mo rí i pé ẹ ti gbé aago yín sókè.